Áátò Ìyá Àgbà

Obìnrin tó máa ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀yọ́ ń fara dà mí gan-an ni. Tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ìjọ gba òkè lọ, tí gbohùngbohùn ń dún gooro mọ́ wa létí, ó di dandan kó yíjú wò mí. Ìsàlẹ̀ ni èmi máa ń gbà. Áátò ni àwọn akọrin ń pè é, ohùn tí àwọn obìnrin kan máa ń kọ lábẹ́ ohùn orin gan-an, tó máa ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà. Tí ẹlòmíràn bá wà pẹ̀lú ẹ tó ń kọ òkè, ó dùn. Tí o bá dá a kọ, ó máa ń dà bíi pé o ti gbàgbé orin ni. Obìnrin náà ti bi mí rí pé, "Ẹ má bínú o, mà, ṣé ẹ ò mọ ohùn orin yẹn ni?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n létí lóòótọ́, àmọ́ kò sí lẹ́nu mi. Ọdún kan péré tí mo gbé lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló fà á, mi ò sì bá ọdún náà jà.

Ọdún yẹn ni ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà, lọ kàwé kún ìwé. Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ń ṣe ní Ọ̀yọ́, wọn kì í jẹ́ kó gbélé, èmi nìkan sì ni ọmọ tí wọ́n bí. Bàbá mi ní ọmọ kan ò lè máa bá àga sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ni wọ́n bá kó ẹrù mi sínú báàgì, wọ́n mú mi lọ sí agbo ilé Ìyá Àgbà, lẹ́yìn Ọjà Igbó. Ìyá mi ti ròyìn ilé náà fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn ọmọdé ibẹ̀ pọ̀ débi pé tí wọ́n bá pe orúkọ ẹnì kan, mẹ́ta á dáhùn. Ó ní tí wọ́n bá ń gbàdúrà ilé láàárọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í gbà wọ́n, àwọn kan á dúró sí àgbàlá. Mo ti ń ka ojú àwọn ọ̀rẹ́ tí mo máa ní lọ́kàn mi. Àmọ́ àwọn ọmọ ìgbà ìyá mi ti dàgbà, wọ́n ti tú ká; ohun tí mo bá ni ilẹ̀kùn títì, ilẹ̀kùn títì, àti ògiri búlọ́ọ̀kù kan tí wọn ò rẹ́, tó dá àgbàlá sí méjì.

Kí n tètè sọ ọ̀rọ̀ ògiri yẹn. Ìjọ tí gbogbo agbo ilé náà ń lọ ló dàrú nítorí pásítọ̀. Àwọn kan ní kó máa lọ, àwọn kan ní kò síbi tó ń lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò ṣeé yanjú mọ́, àwọn tó bínú kúrò, wọ́n lọ kan páànù sójú ọ̀nà Iresa, wọ́n ń jọ́sìn níbẹ̀. Ìjọ méjèèjì wá kìlọ̀ fáwọn èèyàn wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá apá kejì gbàdúrà pọ̀. Ìyá Àgbà kò kúrò nínú ìjọ àtijọ́. Àmọ́ Ìyá Dékọ́lá, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, tẹ̀ lé ọmọ tirẹ̀ lọ síbi tuntun, nítorí Bùọ̀dá Dékọ́lá ti di díákónì lọ́hùn-ún. Opó làwọn ìyá méjèèjì. Láti ìgbà ìyàwó ni wọ́n ti jọ wà nínú agbo ilé náà, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n sì ti jọ ń jókòó lé nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí eyín wọn ṣì pé. Bùọ̀dá Dékọ́lá ló pe bíríkìlà. Ògiri náà lọ tààrà títí ó fi dé ibi kànga, kò lè gun orí kànga kọjá, wọ́n bá fi kànga sílẹ̀ sáàárín. Apá kan ẹnu rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, apá kan wà lọ́dọ̀ wọn. Tí mo bá ń fami, mo máa ń gbọ́ tí garawa tiwọn ń gbá ara kànga, mi ò sì gbọdọ̀ kí ẹni tó mú okùn rẹ̀ dání.

Agogo ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nínú ilé yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Ìyá Àgbà máa ń dìde, tí yóò wọ bùbá, tí yóò gbé agogo ọwọ́ kékeré kan tó ní ìdìmú igi, tí yóò jáde sọ́dẹ̀dẹ̀, tí yóò sì lù ú kíkankíkan bíi pé ó fẹ́ jí ìdajì Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi rèé, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Ká ní ó fi ìka tọ́ mi ni, mi ò bá ti jí. Mo fara dà á títí ọ̀sẹ̀ fi parí, mo wá bi í.

"Màmá, ta lẹ ń lu agogo fún?"

"Ilé ni mò ń pè."

"Àwa méjì náà la ṣáà wà nílé, mà."

"Mo ní ilé ni mò ń pè, Àbẹ̀kẹ́. Ó tán níbẹ̀ yẹn."

"Ó tán níbẹ̀ yẹn" ni ó fi máa ń ti ọ̀rọ̀ pa. Tó bá ti sọ ọ́, kí o yáa gbé ìgbálẹ̀. A óò wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá yẹn, òun ní ìkángun kan, èmi ní ìkejì, nítorí ó ní ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí. Àárín bẹ́ǹṣì á ṣófo. Yóò dá orin. Ọmọ Áńgílíkà ni mí láti Ọ̀yọ́, orin àwọn Onítẹ̀bọmi ṣàjèjì sí mi, mo kàn ń gbé ẹnu lé ohun tó bá ti ẹnu ẹ̀ jáde ni. Mo rò ó lọ́kàn mi pé orin àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kì í lọ síbì kankan. Kì í gòkè, kì í sọ̀, ibì kan náà ló ń yí. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ. Nígbà tó máa fi di ìgbà òjò, mo ti mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ̀ ọ́n. Nǹkan kan wà tí kò yé mi nígbà yẹn: tí àwọn ará ẹ̀yìn ògiri bá bẹ̀rẹ̀ orin tiwọn, kíá ni Ìyá Àgbà máa dá tiwa dúró, kódà bó jẹ́ àárín ẹsẹ ni, tí yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Kì í jẹ́ kí orin méjèèjì pàdé.

Jíjẹ mímu ilé náà tún wá jẹ́ ìyà tirẹ̀. Ìyá Àgbà kò mọ oúnjẹ kékeré í sè. Ìkòkò tó fi ń ro ògì lè gba ọmọ mẹ́wàá nídìí. Ó máa ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé títí ilẹ̀ á fi kún, ìgbà tó bá wolẹ̀ wo ohun tó ti pọ́n ló máa tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, Ìyá Dékọ́lá lọ́hùn-ún ni ìdajì máa ń lọ. Ní báyìí, tí mo bá dé láti iléèwé, ẹ̀kọ ni. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kọ náà ni. Yóò jókòó tì mí, yóò máa wo ẹnu mi. "Jẹun, ọmọ mi. Ìwọ lo máa jẹ gbogbo ẹ̀." Mo máa ń jẹ ẹ́ títí ikùn mi á fi le, nítorí mo rí i pé inú rẹ̀ kì í dùn tí ewé bá ṣẹ́ kù sórí àtẹ. Ó tó kí n sunkún ilé nígbà mìíràn, àmọ́ níbo ni mo ti fẹ́ sun ún? Inú ilé yẹn dákẹ́ débi pé yóò gbọ́. Ibi kànga ni mo máa ń lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni àṣírí tú. Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi dá orin òwúrọ̀ kan, mo sì gbọ́ pé orin wa ni. Inú mi dùn, ó ṣe tán mo mọ ohun kan tí àwọn ọmọ yẹn náà mọ̀. Mo gbé ohùn sókè. Kò pẹ́ tí ọmọ kan rẹ́rìn-ín, òmíràn rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá dákẹ́, èmi nìkan ló kù tí mò ń rìn lọ. Olùkọ́ náà ò fi ṣe ìkà, àmọ́ ó ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́, orin wo nìyẹn?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Orin-wo-nìyẹn. Mo dé ilé, mo ju ìwé orin sílẹ̀, mo ní mi ò lọ mọ́, ẹ gbé mi padà sí Ọ̀yọ́. Ìyá Àgbà ní kí n kọ ohun tí mo kọ. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè ẹ̀ fi yẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún un wé.

"Ìwọ ò ṣì í. Áátò ni mo kọ́ ẹ."

"Ẹ wá kọ́ mi ní orin gan-an, mà."

Ó tún jókòó dáadáa. Ó gba òkè. Ó lọ bí ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta, ohùn rẹ̀ sì yọ̀ padà sísàlẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún yọ̀. Ó ń bínú sí ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. Mo ń wò ó. Mi ò rí i kí nǹkan ṣòro fún un rí, ẹni tó ń gbé odó kiri. Ó wá ní, "Mo mọ̀ ọ́n létí, kò sí lẹ́nu mi. Mi ò ní in lò rí. Ìyá Dékọ́lá ló máa ń mú òkè. Èmi, kí n ṣáà ti gbọ́ tiẹ̀, màá mọ ibi tí màá gbà." Ó dìde, ó lọ wo iná. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ògiri yẹn ni ìyá mi àgbà ti ń kọ ìdajì orin láràárọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mò ń fami, mò ń fi ìbínú kọ áátò mi lábẹ́nu. Garawa tó wà lódì kejì dúró. Mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn ògiri. "Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?" Mo ní Màmá ni. Ojú Ìyá Dékọ́lá yọ láàárín ògiri àti kànga, ojú róbótó tó ní ìlà, tí mo ti ń rí tí mi ò gbọdọ̀ kí. Ó ní, "Tún un kọ." Mo tún un kọ. Ó la ẹnu, ó sì gbé ohùn lé mi lórí. Áà! Orin náà dìde. Orin tí mo rò pé kì í lọ síbì kankan, òun náà ló ń lọ báyìí, tí tèmi sì dúró nídìí rẹ̀ tó ń gbé e. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ohun tó ti ń ṣe ilé wa. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, ó nu ojú nù, ó ní, "Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyálé mi ti fúyẹ́? Má sọ pé mo béèrè o." Mo gbé omi wọlé, mo bá Ìyá Àgbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tòun ti ìgbálẹ̀, ibi tó dúró sí ti mọ́ rekete, kò sì kúrò níbẹ̀.

Kò bi mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó lu agogo tán, kò dá orin. Ó gbé agogo sórí itan, ó ń retí. Nígbà tí Ìyá Dékọ́lá dá orin lẹ́yìn ògiri, Ìyá Àgbà mí sínú, ó sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò kíra, wọn ò ríra, orin nìkan ni. Èmi jókòó ní ìkángun bẹ́ǹṣì, mo rò pé ayé ti dára.

Ẹnu kì í sinmi nínú ìjọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Bùọ̀dá Dékọ́lá wá síbi kànga, ó dọ̀bálẹ̀ sódì kejì lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ nìkan la rí.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní mítìn-ìn. Wọ́n ní díákónì tí kò lè káwọ́ ilé ara ẹ̀, ìjọ wo ló fẹ́ bójú tó?"

"Mo gbọ́, Dékọ́lá."

"Màmá, ẹ dákun..."

"Mo ní mo gbọ́. Ó tán níbẹ̀ yẹn."

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kò pẹ́ tó kó ìyá rẹ̀ lọ sí ilé tuntun tó kọ́ sí ọ̀nà Iresa. Ọkọ̀ wá kó ẹrù. Mo rí Ìyá Dékọ́lá tó wá dúró sí kànga láìmú garawa dání, ó dúró títí wọ́n fi wá fi ọwọ́ mú un. Ìyá Àgbà wà nínú yàrá, kò jáde. Nígbà tí ìró ọkọ̀ náà lọ tán, mo gbọ́ ohun tí mi ò tíì gbọ́ rí nínú ilé yẹn, ìyẹn ni pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Garawa kan ṣoṣo ló kù nínú kànga.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kan tí oòrùn ti wọ yàrá. Ìyá Àgbà kọjú sí ògiri, ó lajú sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ ò lu agogo." Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ lù ú fún?" Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tí ojú mi ti rí lọ. Mo jáde, mo lu agogo náà fúnra mi, mo jókòó sí ìkángun tèmi, mo dúró, mo dúró. Kò jáde. Mo kọ áátò, mo ṣe àmín, mo lọ gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Kò pọ́n ẹ̀kọ mọ́. Tí mo bá ní ebi ń pa mí, á ní kí n wo inú àwo. Ọmọdé ni mí, àmọ́ mo mọ̀ pé tí ìyá mi ò bá tètè dé, èmi nìkan ni yóò bá nínú ilé yẹn.

Ó wá rán mi lọ ra láfún lọ́dọ̀ obìnrin kan lójú ọ̀nà Iresa lọ́jọ́ Sátidé kan. Ilé tuntun yẹn ò jìnnà síbẹ̀, mo sì yà. Ẹnikẹ́ni ò sí níta. Mo rìn lọ sábẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn, mo gbọ́ ohùn Ìyá Dékọ́lá, mo fẹ́ pè é, mo bá dúró. Áátò ló ń kọ. Obìnrin tó ń mú òkè láti ìgbà ọmọge, áátò ló ń wá kiri lẹ́nu ara rẹ̀, ó ń kọ ọ́, ó ń sọnù, ó ń padà sẹ́yìn. Mo yọjú. Ojú kò tì í. Ó ní, "Ti ìyálé mi ni mò ń kọ, kí n lè máa gbọ́ wọn." Mo sáré délé, láfún ń sọ ẹ̀yìn mi di funfun.

"Màmá, Ìyá Dékọ́lá ń kọ áátò yín."

Ó wà lórí ẹní. Kò yíjú. Ó ní, "Ṣé ó mọ̀ ọ́n kọ?"

"Rárá, mà. Ó ń bà á jẹ́."

"Níbo ló ti bà á jẹ́?"

Mo ṣe é fún un bí Ìyá Dékọ́lá ṣe ṣe é. Ìyá Àgbà dìde jókòó. Ẹ̀rín gbé e, omi ojú gbé e, méjèèjì pọ̀. "Gbogbo bí mo ṣe ń kọ ọ́ sí i létí tó! Kò gbọ́ nǹkan kan! Gèlè mi dà? Gbé agogo yẹn." Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì. Ìyá Àgbà tó ti búra pé òun ò ní gun ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì láé, ẹ̀gbẹ́ ló jókòó sí, agogo ń lu ara rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní gbogbo gegele, àwọn èèyàn ń yà fún wa.

Bùọ̀dá Dékọ́lá ń nu bàtà níwájú ilé. Ó dọ̀bálẹ̀, ojú ẹ̀ ti yí padà. "Màmá! Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ìyàwó mi ń kọ áátò, kò mọ̀ ọ́n. Mo wá tún un ṣe."

Ó wo òsì lójú ọ̀nà, ó wo ọ̀tún. Ibi tó dúró sí yẹn, ó lè ní ká padà. Agogo wà lọ́wọ́ mi, mo ń gbàdúrà kó má dún. Ó wá ní, "Ẹ wọlé, mà," ó sì gbé àpótí síbi ẹnu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa bí ẹni tí kò sí nílé. Àwọn ìyá méjèèjì ò dì mọ́ra, wọn ò sunkún. Ìyá Àgbà jókòó, ó ní, "Gba tìẹ, ìyàwó." Ìyá Dékọ́lá ní, "Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti yẹ kẹ́ ẹ wá, ìyálé mi." Ó gba òkè, Ìyá Àgbà gba ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kejì, ohùn ọkùnrin kan wọlé láti ẹnu ọ̀nà, báàsì, ó rọra, kò sì yíjú. Mo la ẹnu láti kọrin, mo rí i pé ibi kankan ò ṣófo mọ́. Mo pa ẹnu dé. Inú mi dùn títí ó fi dà bíi pé mo fẹ́ sunkún ilé.

Ìjọ méjèèjì kò padà di ọ̀kan. Ògiri yẹn ṣì wà, wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Àwọn ìyá méjèèjì ń ríra ní Sátidé tí ẹsẹ̀ bá gbà, a sì ń lu agogo láràárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwa méjì lórí bẹ́ǹṣì gígùn, áátò àti áátò, títí ìyá mi fi wá mú mi lọ sí Ọ̀yọ́. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Tí orin bá parí, Ìyá Àgbà kì í tètè ní ká gbàdúrà mọ́. Ó máa ń kọjú sí ọ̀nà Iresa díẹ̀, ká tó di ojú.

Wọ́n ti lọ báyìí, àwọn méjèèjì. Ọkọ mi ti lọ. Àwọn ọmọ mi wà níbi tí tẹlifóònù nìkan ti lè dé. Agogo yẹn wà lọ́dọ̀ mi ní Ọ̀yọ́, mo sì máa ń lù ú. Ọmọ ayálégbé mi kan, ọmọbìnrin kékeré, gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó wọlé wá jókòó. Mo dá orin. Kò mọ̀ ọ́n, ó ń gbé ẹnu lé tèmi. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, mi ò tíì ní ká gbàdúrà, ó wo ojú mi.

"Màmá, kí lẹ ń dúró dè?"

Mo ní, "Òkè."